Láti Ọwọ́ Apọ́nyùn Kan sí Ọwọ́ Gbogbo Agégi: Ìtàn Pípọ́n Ẹ̀wọ̀n Ayùn Ẹlẹ́ńjìnnì àti Ẹ̀kọ́ Inú Rẹ̀

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọ̀bẹ ti wù kí ó mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Òwe yìí bá ayùn mu gẹ́gẹ́ bí ó ti bá ọ̀bẹ mu. Kò sí ayùn kan, ìbáà jẹ́ èyí tí ènìyàn méjì ń fà tàbí èyí tí bẹntiróòlù ń mú ṣiṣẹ́, tí ó lè pọ́n ara rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn òǹkọ̀wé bá ń sọ ìtàn ẹ̀rọ, agbára ẹ́ńjìnnì ni wọ́n sábà máa ń tẹnu mọ́. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ mẹ́nu ba ọwọ́ tí ó ń pọ́n eyín rẹ̀.

Àpilẹ̀kọ yìí yẹ ìtàn náà wò láti ìhà ti ọwọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti inú igbó ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, nítorí pé ìpínlẹ̀ Oregon ni irú eyín tí ayùn ẹlẹ́ńjìnnì ń lò káàkiri ayé lónìí ti ṣẹ̀ wá. Lẹ́yìn náà ni yóò padà sí igbó ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí irú ẹ̀wọ̀n kan náà ti ń gé arère, ọ̀mọ̀ àti ìrókò. Ohun tí ó fẹ́ fi hàn ni pé ìrọ̀rùn irinṣẹ́ yàtọ̀ sí ìrọ̀rùn ìmọ̀. Nígbà tí pípọ́n ayùn kúrò ní ọwọ́ ẹni kan tí ó bọ́ sí ọwọ́ gbogbo ènìyàn, a kò rí ẹni tí yóò kọ́ gbogbo ènìyàn.

Apọ́nyùn Inú Àgọ́ Agégi

Títí di nǹkan bí ọdún 1880, àáké ni àwọn agégi etí òkun ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà fi ń wó àwọn igi ńláńlá inú igbó wọn, pàápàá igi tí wọ́n ń pè ní Douglas fir. Lẹ́yìn náà ni ayùn gígùn ọlọ́wọ́ méjì, tí ènìyàn méjì ń fà síwá-sẹ́yìn, gba ipò àáké. Oríṣi eyín méjì ni ó wà lẹ́nu ayùn yìí. Èkínní ni eyín ọ̀bẹ, tí ń la ojú igi ní ọ̀tún àti ní òsì, bí ìgbà tí a bá fi ọ̀bẹ fa ilà méjì sí ara iṣu. Èkejì ni eyín agbálẹ̀, tí ń gbá igi tí ó wà láàárín ilà méjèèjì jáde ní èérún gígùn.

Ibi tí iṣẹ́ wà ni pé eyín agbálẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrú díẹ̀ ju eyín ọ̀bẹ lọ. Díẹ̀ yìí kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ìdá ẹgbẹ̀rún íǹsì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Bí eyín agbálẹ̀ bá ga jù, yóò máa fa igi tí ọ̀bẹ kò tíì gé ya. Bí ó bá kúrú jù, kò ní lè kó igi tí ọ̀bẹ ti gé jáde. Yàtọ̀ sí èyí, apọ́nyùn ní láti mú kí gbogbo eyín ọ̀bẹ dọ́gba ní gíga, kí ó tẹ orí wọn díẹ̀ sí ọ̀tún àti sí òsì kí ayùn má baà há sínú igi, kí ó sì na ara irin náà bí ó bá wọ́. Fáìlì, òòlù kékeré àti ojú ara rẹ̀ ni ó fi ń ṣe gbogbo èyí.

Irú iṣẹ́ báyìí kò ṣeé fi sílẹ̀ fún ẹni tí ó ti fa ayùn láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Nítorí náà ni àwọn àgọ́ ńlá fi ń ní apọ́nyùn tiwọn. Ilé kékeré kan ni wọ́n máa ń kọ́ fún un, tí wọ́n á sì ṣí fèrèsé rẹ̀ sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé dáadáa. Ìdí ni pé eyín tí ó ti kú a máa kọ mànà bí ìmọ́lẹ̀ bá bà á, ṣùgbọ́n eyín tí ó mú kì í kọ. Agégi á gbé ayùn tí ó kú wá, á sì gba èyí tí ó mú lọ. Oúnjẹ gbogbo àgọ́ wà ní ọwọ́ ẹni kan yìí: bí ayùn bá mú, igi á wó, bí kò bá mú, òógùn lásán ni.

Ẹ́ńjìnnì Dé, Eyín Àtijọ́ Kò Lọ

Èrò pé a lè fi ẹ̀wọ̀n eléyín gé nǹkan kò ti inú igbó wá. Inú iṣẹ́ abẹ ni ó ti wá. Ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Scotland méjì, John Aitken àti James Jeffray, lo ẹ̀wọ̀n kékeré eléyín tí a ń fi ọwọ́ fà láti gé egungun. Ní nǹkan bí ọdún 1830, Bernhard Heine, oníṣègùn ará Jámánì, ṣe èyí tí a ń fi ọwọ́ yí. Ó tó bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà kí irú ẹ̀wọ̀n bẹ́ẹ̀ tó dé ara igi lọ́nà tí ó gbajúmọ̀. Ní 1926, Andreas Stihl ṣe ayùn ẹlẹ́wọ̀n tí iná mànàmáná ń mú ṣiṣẹ́ ní ìlú Stuttgart. Ní 1927, Emil Lerp gbé ayùn tí ń lo bẹntiróòlù lọ dán wò ní orí òkè Dolmar ní Jámánì. Ní 1929, Stihl náà mú oníbẹntiróòlù tirẹ̀ jáde. Ìwọ̀n rẹ̀ tó kìlógíráàmù 46, ènìyàn méjì ni ó sì ń gbé e.

Ẹ́ńjìnnì tuntun ni, ṣùgbọ́n eyín àtijọ́ ni ó wà lẹ́nu rẹ̀. Ohun tí àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ẹ̀wọ̀n ayùn ṣe ni pé wọ́n wo eyín ayùn ọlọ́wọ́ méjì, wọ́n sì to irú rẹ̀ sí ara ẹ̀wọ̀n: eyín ọ̀bẹ ní ọ̀tún, eyín ọ̀bẹ ní òsì, eyín agbálẹ̀ láàárín. Gbogbo wàhálà pípọ́n tí ó wà nínú ayùn àtijọ́ ni ó bá a wọ inú ẹ̀rọ tuntun. Ó tilẹ̀ pọ̀ sí i, nítorí pé ẹ́ńjìnnì ń fa eyín gba inú igi ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan, eyín náà sì ń tètè kú. Ẹ̀rọ tí ó yẹ kí ó dín iṣẹ́ kù wá ń jókòó de fáìlì.

Kòkòrò Inú Kùkùté

Ẹni tí ó tú kókó yìí ni Joseph Buford Cox, agégi kan ní Oregon, tí ó gbé ayé láti 1905 sí 2002. Òun náà ń bá àwọn ẹ̀wọ̀n àtijọ́ ṣiṣẹ́, ó sì mọ bí wọ́n ti ń fi àkókò ṣòfò tó. Ní 1946, nígbà tí ó ń la igi ìdáná, ó rí ọmọ kòkòrò kan, irú èyí tí yóò di yímíyímí inú igi bí ó bá dàgbà, tí ó ń jẹ igi nínú kùkùté. Yorùbá a máa sọ pé kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó ń gbé. Ara igi náà ni Cox ti rí ẹni tí ó mọ igi í gé jù. Kòkòrò yìí ń jẹ igi líle bí ó ti wù ú, ìbáà jẹ́ ní ìbú tàbí ní òòró. Nígbà tí Cox wò ó fínnífínní, ó rí i pé ẹnu rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ bí lẹ́tà C, ó sì ń gé igi láti ọ̀tún sí òsì àti láti òsì sí ọ̀tún. Kì í ha á.

Cox fi irin ṣe irú ẹnu bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1947, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀wọ̀n rẹ̀ fún títà nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ ilé rẹ̀ ní ìlú Portland. Orúkọ ìpínlẹ̀ náà, Oregon, ni ó fi pe ilé-iṣẹ́ rẹ̀, orúkọ náà sì ṣì wà lára ẹ̀wọ̀n ayùn títí di òní.

Nínú ẹ̀wọ̀n Cox, eyín kan ń kọjú sí ọ̀tún, èyí tí ó tẹ̀ lé e ń kọjú sí òsì. Eyín kọ̀ọ̀kan tẹ̀ lórí tí ó fi jẹ́ pé òkè rẹ̀ ń gbẹ́ igi, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ń la igi. Ní iwájú eyín kọ̀ọ̀kan ni ìkòkò irin kékeré kan wà tí a lè pè ní eyín òdiwọ̀n. Òun kì í gé igi. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti pinnu bí eyín ẹ̀yìn rẹ̀ yóò ti jẹ igi jìn tó.

Àwọn tí wọ́n ń sọ ìtàn Cox sábà máa ń dúró lórí kòkòrò náà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó yí ìgbésí ayé agégi padà jù ni fáìlì. Nítorí pé inú eyín tuntun yìí tẹ̀ ní róbótó, fáìlì róbótó kan ṣoṣo tó láti pọ́n ọn, bí a bá sì ti tì í lẹ́ẹ̀kan, ó ń pọ́n òkè àti ẹ̀gbẹ́ eyín papọ̀. Kò sí eyín agbálẹ̀ mọ́, kò sí títẹ orí eyín pẹ̀lú òòlù, kò sì sí ilé onífèrèsé. Agégi lè jókòó lórí kùkùté kí ó pọ́n ayùn rẹ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tí ó fi máa di 1959, tí Stihl mú ayùn tí wọ́n pè ní Contra jáde, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ bíi kìlógíráàmù 12, ẹnì kan ṣoṣo lè gbé ayùn àti fáìlì wọ igbó láìdúró de ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ apọ́nyùn inú àgọ́ parí báyẹn.

Ohun Tí Ọwọ́ Ń Kọ́

Ó rọrùn láti rò pé nítorí tí ẹnikẹ́ni lè pọ́n ẹ̀wọ̀n yìí, kò sí ìmọ̀ kankan nínú rẹ̀. Àṣìṣe gbáà ni. Èkínní, fáìlì gbọ́dọ̀ bá ẹ̀wọ̀n mu. Ẹ̀wọ̀n ńlá tí a ń lò fún igi inú igbó ń fẹ́ fáìlì mílímítà 5.5, àwọn tí ó kéré ń fẹ́ 4.8 tàbí 4. Bí fáìlì bá tóbi jù, kò ní wọnú eyín dáadáa. Bí ó bá kéré jù, yóò máa wa ìsàlẹ̀ eyín, ẹnu eyín yóò sì tín-ín-rín, yóò tètè kú. Bí a bá pín gíga fáìlì sí márùn-ún, ìdá kan ni ó yẹ kí ó yọ sókè orí eyín.

Èkejì ni igun. Fún gígé igi ní ìbú, dígírì 30 ni ó wọ́pọ̀, àwọn tí ń ṣe ẹ̀wọ̀n sì máa ń fa ilà kékeré sí orí eyín láti fi hàn. Fún lílà igi ní òòró láti fi yọ pákó, igun tí ó wọ́pọ̀ kéré sí èyí gan-an, ó tó dígírì 10. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ yìí yóò fi ẹ̀wọ̀n kan náà ṣe iṣẹ́ méjèèjì, ẹ́ńjìnnì yóò sì máa jìyà ohun tí fáìlì kò ṣe.

Ẹ̀kẹta ni ìtì. Láti inú eyín ni a ti ń ti fáìlì sí ìta, iwájú nìkan ni ó sì ń gé. Bí a bá ń fà á padà lórí irin, fáìlì náà ni yóò kú. Èyí ni ó máa ń ṣòro jù fún ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, nítorí pé ó ti mọ́ ọn lára láti máa fa irin síwá-sẹ́yìn lórí òkúta ìpọ́nbẹ. Gbogbo eyín apá kan ni a ń kọ́kọ́ pọ́n kí a tó yí sí apá kejì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ọwọ́ wọn lágbára ní apá kan ju ìkejì lọ, ibẹ̀ sì ni ìdíwọ̀n ti ṣe pàtàkì. A mọ̀ pé ọmọ ìka kò dọ́gba, ṣùgbọ́n eyín ayùn gbọ́dọ̀ dọ́gba. Eyín tí ó kúrú jù ni a ń wá, òun ni a sì ń pọ́n ìyókù dé. Bí ti ọ̀tún bá gùn ju ti òsì, ayùn yóò máa wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò sì ní gé igi ní tààrà.

Ẹ̀kẹrin, tí ó sì jẹ́ èyí tí àwọn ènìyàn gbàgbé jù, ni eyín òdiwọ̀n. Orí eyín agégi dagẹrẹ sí ẹ̀yìn. Nítorí náà, bí a bá ti ń pọ́n ọn sẹ́yìn ni gíga rẹ̀ ń dín kù, ṣùgbọ́n eyín òdiwọ̀n iwájú rẹ̀ kò yí padà. Ó pẹ́ ni, ó yá ni, eyín òdiwọ̀n yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba. Ẹ̀wọ̀n náà yóò mú, síbẹ̀ kò ní jẹ igi. Lẹ́búlẹ́bú ni yóò máa tú jáde dípò èérún. Àlàfo tí ó yẹ kí ó wà láàárín gíga méjèèjì lára ọ̀pọ̀ ẹ̀wọ̀n kò ju mílímítà 0.65 lọ. Bí agégi kò bá mọ èyí, yóò máa tẹ ayùn mọ́ igi, bẹntiróòlù yóò máa jó, apá rẹ̀ yóò sì máa gbọ̀n. Bí ó bá wá bínú fi fáìlì ha eyín òdiwọ̀n láìwọ̀n ọ́n, tí ó sì lọ sílẹ̀ jù, eyín yóò bu igi ju bí ó ti yẹ lọ, ayùn sì lè ta padà lù ú lójú tàbí lọ́rùn. Láàárín lẹ́búlẹ́bú àti ọgbẹ́, ohun tí ó yà wọ́n kò tó mílímítà kan.

Ìmọ̀ Tí Ó Fẹ́rẹ̀ẹ́ Sọnù

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìmọ̀ apọ́nyùn àtijọ́ ní Amẹ́ríkà jẹ́ ẹ̀kọ́ fún gbogbo olùkọ́. Nígbà tí ayùn ẹlẹ́ńjìnnì gbòde, àwọn apọ́nyùn darúgbó, wọn kò sì rí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ní 1964, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin tí ó dáàbò bo àwọn igbó àìro kan, ó sì ka lílo ẹ́ńjìnnì léèwọ̀ nínú wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ igbó tún ní láti fi ayùn ọlọ́wọ́ méjì ṣí ọ̀nà tí igi wó dí. Ayùn wà, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n pọ́n kò tó nǹkan mọ́.

Ní 1977, Warren Miller, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó igbó, kọ ìwé atọ́nà kan lórí pípọ́n ayùn náà. Ohun tí ìwé yìí ṣe ni pé ó sọ ohun tí ọwọ́ ń ṣe di ọ̀rọ̀ àti àwòrán: gíga eyín, àlàfo, igun, bí a ti ń wo ìmọ́lẹ̀ lẹ́nu irin. Ìwé náà kò lè dípò ọ̀gá, ṣùgbọ́n ó di afárá láàárín àwọn tí wọ́n ń lọ àti àwọn tí wọ́n ń bọ̀.

Igbó Ilẹ̀ Yorùbá

Ní ilẹ̀ Yorùbá, pípọ́n irin ti wà tipẹ́ kí ayùn tó dé. Alágbẹ̀dẹ ń rọ àáké àti àdá, àgbẹ̀ ń pọ́n wọn lórí òkúta, gbogbo wọn sì mọ̀ pé Ògún ni ó ni irin. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni lílo ayùn gbilẹ̀, láti ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n wà pẹ̀lú àwọn míṣọ́nnárì, àti àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Brazil padà sí Èkó, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà àti mọlémọlé. Láti ìgbà náà ni lagilagi méjì fi ń la gẹdú sí pákó, ọ̀kan lórí igi, ọ̀kan nínú kòtò. Àwọn náà ni wọ́n ń pọ́n ayùn wọn pẹ̀lú fáìlì onígun mẹ́ta.

Nígbà tí ilé ìlagi dé, pàápàá ní etí ọ̀sà ní Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta, níbi tí wọ́n ti ń gba gẹdú tí a so pọ̀ tí ó gba ojú omi wá, iṣẹ́ apọ́nyùn tún dá dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ẹnì kan. Dókítà ayùn ni wọ́n ń pè é. Orúkọ náà bá a mu, nítorí pé ayùn tí ó kú ni wọ́n ń gbé wá fún un, alààyè ni ó sì ń dá padà. Ipò rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti apọ́nyùn inú àgọ́ Oregon.

Ṣùgbọ́n ayùn ẹlẹ́ńjìnnì kò ní dókítà. Láti ìdajì kejì ọ̀rúndún ogún tí ó ti wọ igbó wa, agégi fúnra rẹ̀ ni ó ń pọ́n ọn lórí kùkùté, bí Cox ti mú kí ó ṣeé ṣe. Igbó wa kò sì rọ ẹ̀wọ̀n lọ́rùn. Gẹdú tí a wọ́ lórí ilẹ̀ ń kó iyanrìn sára, iyanrìn sì ni ọ̀tá eyín ayùn. Nínú ìrókò, òkúta líle a máa dì sínú igi, tí èròjà rẹ̀ bá ti òkúta ẹfun mu. Kì í hàn ní ìta. Ìgbà tí ẹ̀wọ̀n bá kọlù ú ni agégi ń mọ̀, gbogbo eyín á sì kú lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà náà, kì í ṣe ìtì fáìlì méjì tàbí mẹ́ta ni yóò tún un ṣe. Gbogbo eyín ni ó gbọ́dọ̀ padà sẹ́yìn títí tí ibi tí ó bàjẹ́ yóò fi tán, gbogbo eyín òdiwọ̀n sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Ẹni tí kò kọ́ apá ìkẹyìn yìí ni ìrókò yóò kọ́.

Ọ̀nà tí ìmọ̀ yìí ń gbà kọjá ní igbó wa ni ti ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ọmọ iṣẹ́ ń wo ọwọ́ ọ̀gá. Ọ̀nà náà dára, nítorí pé ìtì fáìlì kò ṣeé fi ẹnu nìkan kọ́. Àléébù rẹ̀ ni pé ojú ń rí ohun tí ó hàn: ó ń rí fáìlì tí ń lọ tí ń bọ̀, ṣùgbọ́n kò lè rí mílímítà 0.65. Ohun tí ọ̀gá kò bá mọ̀, tàbí tí ó mọ̀ tí kò sọ, ọmọ iṣẹ́ kò ní bá a níbẹ̀. Ìwé ìtọ́ni tí ó wà nínú páálí ayùn sì ń sọ ọ́, àmọ́ èdè òkèèrè ni ó fi ń sọ ọ́, nígbà tí ó jẹ́ pé Yorùbá ni ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ ń sọ lórí kùkùté.

Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn tí a gbé yẹ̀ wò yìí fi hàn pé ìgbà mẹ́ta ni pípọ́n ayùn ti kọjá. Ní ìgbà èkínní, ìmọ̀ náà jinlẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni díẹ̀ ni ó wà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá wọn lọ sí ibojì. Ní ìgbà kejì, ẹ́ńjìnnì yára ju fáìlì lọ. Ní ìgbà kẹta, eyín Cox fi fáìlì sí ọwọ́ gbogbo agégi, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kò bá fáìlì lọ.

Iṣẹ́ tí ó kù jẹ́ ti olùkọ́. Ó yẹ kí àwọn tí ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn tí ń kọ́ni ní èdè Yorùbá jọ fún àwọn nǹkan wọ̀nyí ní orúkọ: eyín agégi, eyín òdiwọ̀n, igun, àlàfo. Ohun tí kò ní orúkọ ṣòro láti béèrè, ohun tí a kò béèrè ni a kì í kọ́. Ìwé atọ́nà kékeré kan ní èdè Yorùbá, tí ó ní àwòrán eyín kan ṣoṣo àti ìwọ̀n rẹ̀, kò ní gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá. Yóò fi ohun tí ojú kò lè rí kún ohun tí ọmọ iṣẹ́ ń wò, kí ó tó di pé igi tàbí ayùn ni yóò fi hàn án.